Òwú Funfun fún Orúnkún

Ẹ sún mọ́ mi, ẹ wá gbọ́. Ní abúlé wa létí odò Mekong, ìyá ahunṣọ kan ń gun àtẹ̀gùn ilé ìgbéyàwó, ó ń bú orúnkún rẹ̀: “Ọ̀lẹ! Ẹ ò ní jẹ́ kí n jó níbi ìgbéyàwó ọmọ-ọmọ mi.”

Nínú ilé, Bàbá Khampheng, àgbà tó ń súre fún wa, ń pe ẹ̀mí ara wálé, torí a gbà pé ẹ̀yà ara kọ̀ọ̀kan ló ní ẹ̀mí tirẹ̀ tó lè rìn lọ; ó ń so òwú funfun mọ́ni lọ́wọ́ kí wọ́n má baà tún lọ. Ó pe ẹ̀mí ojú ìyá, ó pe ti etí. Nígbà tó kan orúnkún, ó mirí.

“Wọn ò wá o. Ta ní í wọlé tí wọ́n ti ń bú u?”

“Bàbá, ṣé orúnkún létí ni?”

“Ó létí ju ọkọ yín lọ.”

Ni ìyá bá so òwú mọ́ orúnkún méjèèjì, ó ń kọrin: “Ẹ pẹ̀lẹ́, ẹ̀yin tẹ́ ẹ gbé mi la oko ìrẹsì já, bẹ́ ẹ tilẹ̀ ń dùn mí, tèmi náà ni yín.” Ìrora ò lọ. Nígbà tí ijó bẹ̀rẹ̀, ìyá fọwọ́ jó lórí ìjókòó, ìyàwó tuntun sì wá jókòó jó tì í.

Bàbá Khampheng rọra sún mọ́ ọn.

“Ìyá, ṣé òwú ṣẹ́ kù? Mo bú ikùn mi láàárọ̀ yìí.”

A rẹ́rìn-ín, a jẹ ìrẹsì àti adìyẹ yó, kálukú sì rọra sin ara rẹ̀ lọ sílé bí àlejò pàtàkì.