Lọ́fínńdà Ṣúgà Nínú Igbó Béárì

Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má fi ìtàn yìí sílẹ̀ ní ìdajì. Ẹ kà á dé ìparí, pàápàá bí ẹnì kan bá ń kìlọ̀ ohun kan fún yín lọ́wọ́lọ́wọ́ tí ẹ̀yin fúnra yín kò rí.

1.

Québec ni Delphine ti wá sí ibùdó wa ní àríwá British Columbia, níbi tí a ti ń gbin igi sórí ilẹ̀ tí àwọn agégẹdú ti gé tán. Iṣẹ́ ẹrẹ̀ àti ẹ̀fọn ni. Delphine kì í ṣe ọ̀lẹ. Kò sí ẹni tó ń yára gbin igi bíi tirẹ̀. Ohun tí kò lè fara dà ni pé kí ó máa rùn bí àwa yòókù.

Ó ní lọ́fínńdà kan nínú ìgò kékeré aláwọ̀ oyin. Òórùn ṣúgà tí wọ́n yọ́ lórí iná, tí wọ́n sì da mílíìkì àti bọ́tà sí, ni. Bí ó bá ṣẹ̀ṣẹ̀ fín in, á gún imú díẹ̀, bí ìgbà tí ṣúgà fẹ́ jóná nídìí ìkòkò. Tí ara rẹ̀ bá wá móoru, gígún náà á rọlẹ̀, yóò ku adùn nìkan, yóò sì lẹ̀ mọ́ ọrùn ọwọ́ rẹ̀ bí ẹni pé inú awọ ara rẹ̀ gan-an ló ti ń jáde.

Ní àárọ̀ tó kọ́kọ́ fín in, Luc, tó jókòó lẹ́yìn nínú ọkọ̀ tó ń gbé wa lọ síbi iṣẹ́, na ọrùn síwájú.

"Ta ló gbé kéèkì pamọ́ tí kò fún wa jẹ?"

"Èmi ni kéèkì náà," Delphine dáhùn. "Fi ojú jẹ ẹ́, ó tó ọ."

Gbogbo ọkọ̀ rẹ́rìn-ín. Mo rí Delphine tó rọra gbé ọrùn ọwọ́ sí imú, tó ń rẹ́rìn-ín sínú. Láti ọjọ́ náà kò jáde láìfín in mọ́.

2.

Òfin kan wà ní ibùdó tí kò sí ẹni tí kò mọ̀ ọ́n. Ohunkóhun tó bá ń ta sánsán, ì báà jẹ́ ọṣẹ ìfọyín, ìpara tàbí ṣingọ́ọ̀mù, inú àpótí irin tó wà lẹ́yìn ilé ìdáná ló gbọ́dọ̀ sùn. Kò gbọdọ̀ wọ àgọ́. Béárì, ẹranko ńlá onírun tó pọ̀ nínú igbó yẹn, ń gbóòórùn oúnjẹ láti ọ̀nà jíjìn, kò sì bìkítà bóyá kéèkì ni tàbí ọmọ ènìyàn tó ń rùn bíi kéèkì.

Delphine ń fi ìgò rẹ̀ sínú àpótí náà lálaalẹ́. Lójú tirẹ̀, ó ti pa òfin mọ́. Ṣùgbọ́n Wade, ọ̀gá wa, pè é sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan nírọ̀lẹ́.

"Ìgò wà nínú àpótí, òórùn wà lára rẹ. Máa wẹ̀, kí o sì pààrọ̀ aṣọ kí o tó wọ àgọ́."

"Ọ̀gá, àárọ̀ ni mo fín in. Ó ti lọ." Ó gbé ọwọ́ sí imú. "Mi ò gbóòórùn nǹkan kan."

"Èmi ń gbọ́ ọ láti ibi tí mo dúró sí yìí."

"Imú yín ló mú jù, ọ̀gá. Èmi mọ ara mi."

Ẹ̀yin tí ẹ ń ka èyí, ibẹ̀ gan-an ni wàhálà ti bẹ̀rẹ̀. Òórùn tó bá ti pẹ́ lára ẹni, imú ẹni kì í gbọ́ ọ mọ́. Nítorí pé kò gbọ́ ọ, Delphine tún ń fín sí i lọ́sàn-án. Òórùn náà ti wọ irun rẹ̀, ó ti wọ aṣọ rẹ̀, ó ti wọ ibùsùn rẹ̀.

3.

Ní ọjọ́ kan òjò pa wá láti àárọ̀ di ìrọ̀lẹ́. Tess, ọ̀rẹ́ Delphine tí wọ́n jọ ń gbé inú àgọ́ kan, kò ní aṣọ gbígbẹ kankan mọ́. Ètè rẹ̀ ti fẹ́ dúdú. Delphine bọ́ súwẹ́tà gbígbẹ tó ṣẹ̀ṣẹ̀ wọ̀.

"Gba èyí kí o tó di yìnyín mọ́ mi lọ́wọ́."

"Kò rùn lọ́fínńdà o?"

"Gbóòórùn rẹ̀ wò."

Tess gbé e sí imú. Òun náà ti pẹ́ tó ń sùn nínú òórùn yẹn. "Kò sí nǹkan kan níbẹ̀," ó ní, ó sì wọ̀ ọ́ sùn.

Nígbà tí ilẹ̀ mọ́, Delphine wà lọ́dọ̀ wa ní ilé ìdáná, ó ń mu kọfí. Tess ṣì ń sùn. A kọ́kọ́ gbọ́ bí aṣọ àgọ́ ṣe ya. Lẹ́yìn náà ni a gbọ́ igbe Tess.

Kí Wade tó sáré débẹ̀ pẹ̀lú agolo ata tí a fi ń lé béárì, ẹranko náà ti fi eyín wọ́ Tess jáde ní èjìká. Ata bà á lójú, ó jù ú sílẹ̀. Ṣùgbọ́n kò sá jìnnà. Ó dúró sí ìdí igi, ó ń fi ẹnu fa apá súwẹ́tà tó já mọ́ ọn lẹ́nu, bí ọmọdé tó ń lá ṣúgà lára ìwé.

Lọ́sàn-án ọjọ́ náà, àwọn òṣìṣẹ́ ìjọba tó ń mójú tó ẹranko igbó wá yìnbọn pa á. Wọ́n ní béárì tó bá ti mọ̀ pé oúnjẹ wà nínú àgọ́ yóò padà wá.

4.

Ní ilé ìwòsàn, ìyá Tess ló pàdé Delphine lẹ́nu ọ̀nà.

"Ṣé ìwọ ni Delphine?"

"Èmi ni, Màmá."

Ìyá náà di ọwọ́ rẹ̀ mú. "Tess ní kí n bá òun dúpẹ́ lọ́wọ́ rẹ. Ó ní òtútù ì bá pa òun bí kì í bá ṣe súwẹ́tà rẹ. Dókítà ní apá yẹn kò ní lè gbókè mọ́, ṣùgbọ́n ọmọ mi wà láàyè."

Delphine mi orí.

"Màmá, súwẹ́tà yẹn ló pe béárì wá. Lọ́fínńdà mi wà lára rẹ̀. Wọ́n sì ti kìlọ̀ fún mi."

Ìyá náà kò pariwo. Ó rọra fa ọwọ́ rẹ̀ kúrò. "Kí ló dé tí o ò gbọ́?"

 Ìyá náà wọlé, ó sì pa ilẹ̀kùn dé.

Ẹ̀yin ọ̀rẹ́ mi, lọ́fínńdà kì í ṣe ẹ̀ṣẹ̀, ó sì dára kí ara ẹni máa ta sánsán. Ṣùgbọ́n bí ẹnì kan bá sọ fún ọ pé ohun kan wà lára rẹ, má fi imú ara rẹ ṣe ẹlẹ́rìí. Lọ wẹ̀, kódà bí o kò bá gbọ́ nǹkan kan. Ẹlòmíràn lè jẹ ìyà agídí rẹ. Ìpàkọ́ onípàkọ́ là ń rí. Ẹni ẹlẹ́ni ní í bá ni rí tẹni.