Ọjọ́ Tí Píkọ́ọ̀pù Rí Agbára

"Oga, no rush am o! Tẹná jẹ́jẹ́!" ni Bámigbóyè mẹkáníìkì ń pariwo.

Bàbá Ìlérí apẹja rọra tẹná. Píkọ́ọ̀pù àtijọ́ rẹ̀ kùn hùn-ùn, okùn tí wọ́n fi so ìdí rẹ̀ mọ́ imú ọkọ̀ ojú omi sì nà le. Ọkọ̀ ọ̀hún ń jò. Bí wọn ò bá fà á gòkè lónìí, ìsàlẹ̀ odò Ijala ló máa sùn. Lọ́sẹ̀ tó kọjá, gbogbo ìgbà tí wọ́n gbìyànjú ni ẹ́ńjìnnì píkọ́ọ̀pù ń kú. Ìyẹn ni Bámigbóyè ṣe pààrọ̀ jíà tó ń yí táyà ẹ̀yìn sí èyí tí kì í sáré, ṣùgbọ́n tó lè fa ẹrù wúwo.

"Bàbá Ìlérí, ẹ dúró ná!" Abigail ìyàwó apẹja náà ń sáré bọ̀.

"Ọ̀rọ̀ ẹ́ńjìnnì ò kàn ọ́!" ni ọkọ rẹ̀ dá a lóhùn.

"Kì í ṣe ọ̀rọ̀ ẹ́ńjìnnì..."

Táyà fọ́n ẹrẹ̀ sókè. Ọkọ̀ ojú omi náà mì, ó sún, ó sì ń wọ́ bọ̀ lórí ilẹ̀ bí àlejò tó ń tijú. Bámigbóyè bẹ̀rẹ̀ sí í jó. Apẹja náà rẹ́rìn-ín, ó wo dígí ẹ̀yìn.

Ọkọ̀ ń bọ̀. Lẹ́yìn ọkọ̀, okùn kejì ń bọ̀, èyí tí òun fúnra rẹ̀ fi so ó mọ́ afárá pákó etí odò kí omi má baà gbé e lọ. Lẹ́yìn okùn, afárá pákó náà ń bọ̀ tòun tòpó. Ìyá Abigail jókòó sórí rẹ̀, ó di àpótí ìjókòó rẹ̀ mú, ẹja tó ń fọ̀ sì wà lọ́wọ́ kejì.

"Bàbá Ìlérí," ni màmá wí, "bó bá jẹ́ ọjà Okere là ń lọ, jẹ́ kí n wọ bàtà ná."