Òkúta Tí Jory Trembath Kánjú Gbẹ́

Wọ́n ti yọ òkúta tuntun tó wà lórí sàréè Jenifer Rowe lẹ́yìn ilé ìsìn wa ní Cornwall. Ìwàǹwára Jory Trembath ló fà á. Bí ohun kan kò bá yé Jory, ìtumọ̀ tó bá wù ú ni yóò fún un.

Tamsin, ẹ̀gbọ́n rẹ̀ obìnrin, ló bẹ̀ ẹ́ níṣẹ́. Àìsàn ti dá a dùbúlẹ̀, ó sì fẹ́ mọ irú ẹni tí Jenifer, ìyá ńlá wọn, jẹ́ kí òun tó kú, kí wọ́n lè kọ òótọ́ sórí sàréè rẹ̀. Jory rí orúkọ náà nínú ìwé ìkànìyàn ọdún 1841, nílé Kápútẹ́ẹ̀nì Nankervis, ọ̀gá àwọn awakùsà. Lẹ́tà méjì péré ni òǹkànìyàn kọ síwájú rẹ̀: F.S.

Jory tẹjú mọ́ ọn títí ojú fi ń ro ó. Ó gbá tábìlì, ó bú òǹkànìyàn tó ti kú tipẹ́. Níkẹyìn ó ní “Father's Sister” lédè Gẹ̀ẹ́sì ni, arábìnrin bàbá, ìyẹn ni pé àbúrò Kápútẹ́ẹ̀nì ni Jenifer.

Tamsin bi í pé, “Ṣé o wo àwọn ilé tó kù lójú ìwé náà?”

“Ẹ̀gbọ́n mi, ẹ tún ti dé! Ṣé ilé aládùúgbò ni mo ń wá?”

“Jory, má kọ irọ́ sórí ìyá wa o.”

Kò gbọ́. Ó gbẹ́ “Àbúrò Kápútẹ́ẹ̀nì Nankervis” sórí òkúta, ó sì pe ìlú wá wò ó, kí wọ́n sì mu tíì. Ibẹ̀ ni Loveday Nankervis, ìyá àgbà kan nínú ìdílé Kápútẹ́ẹ̀nì, ti dìde.

“Ọ̀gbẹ́ni Trembath, obìnrin mẹ́rin ló ní lẹ́tà yẹn nílé àlùfáà tó tẹ̀ lé tiwa nínú ìwé yẹn. Ṣé arábìnrin bàbá ni gbogbo wọn? Lọ́dún yẹn, òǹkànìyàn wo ló tiẹ̀ bi ẹnikẹ́ni léèrè bí wọ́n ṣe bára tan? Iṣẹ́ ọwọ́ wọn ni wọ́n kọ. “Female Servant” ni F.S.: ìránṣẹ́bìnrin wa ni ìyá yín. Kò sí ìtìjú níbẹ̀, àfi èyí tí ẹ gbẹ́ sórí òkúta yìí.”

Gbogbo wọn bú sẹ́rìn-ín. Àwọn alàgbà ilé ìsìn pàṣẹ kí wọ́n yọ òkúta náà. Nígbà tí Tamsin gbọ́, ó kọjú sí ògiri. “Ṣebí mo sọ fún ọ,” ló wí. Ó kú kí Jory tó tún ìwé náà ṣí.

Ẹ jẹ́ kí èyí kọ́ wa lọ́gbọ́n. Ẹni tó bá ń wá ìdílé rẹ̀ gbọ́dọ̀ fara da ohun tí kò tíì yé e. Kó ka ilé aládùúgbò pẹ̀lú ti ara rẹ̀, kó sì má ṣe fi ipò tí òkú kò dé rí dá a lọ́lá.

Òkúta náà wà lẹ́yìn ilé ìsìn, wọ́n dojú rẹ̀ dé ilẹ̀. Sàréè Jenifer kò tíì ní òmíràn.