Dígí Ìpàkọ́

“Má mira, Quim, kí n má baà gbé etí rẹ lọ síbi tó o gbé tèmi sí!”

Ọ̀rọ̀ onígbàjámọ̀ yìí pa gbogbo àwọn tó ń dúró gẹrun lẹ́rìn-ín. Àwòrán tí Quim ya onígbàjámọ̀ náà, tó fi ta á lọ́rẹ láàárọ̀ yẹn, wà nílẹ̀ lẹ́bàá ilẹ̀kùn: ojú, ìpàkọ́ àti etí, gbogbo rẹ̀ lójú kan.

“Nígbà tó o ń fi búlúù ya gbogbo èèyàn, mo ní ebi ló ń pa ọ́. O bọ́ sórí pupa fẹ́ẹ́rẹ́, mo ní ọmọ yìí ti rí obìnrin. Ìràǹrán wo wá tún nìyí? Ní gbogbo Bàsẹ́lónà, ta ló ń rí iwájú àti ẹ̀yìn èèyàn lẹ́ẹ̀kan náà?”

“Bàbá, ẹ ò tíì fi ìpàkọ́ mi hàn mí.”

Onígbàjámọ̀ pòṣé. Ó gbé dígí kékeré sẹ́yìn orí Quim, bó ti ń ṣe fún gbogbo oníbàárà láti ogójì ọdún, ó sì wo dígí ńlá iwájú. Ojú Quim wà níbẹ̀. Ìpàkọ́ rẹ̀ náà wà níbẹ̀.

“Ó dáa bẹ́ẹ̀,” ni Quim wí, ó sì dìde.

Nígbà tí oníbàárà tó tẹ̀ lé e bèèrè dígí kékeré, onígbàjámọ̀, tó ti fi í pa mọ́ sápò, ní ó ti fọ́.