Ilé Ìwọ́ra Tí Wọ́n Ti Mọ Àgbà Í Kí

Ní ìlú Òkè-Àgbàrá, ọkùnrin oníṣòwò pákó kan wà tí ń jẹ́ Oyèdìran. Ó lawọ́, ó sì tẹpá mọ́ṣẹ́, ṣùgbọ́n ó ní àléébù kan: ó fẹ́ràn kí wọ́n máa kí òun ju bó ṣe fẹ́ràn oúnjẹ lọ. Ẹni tó bá kí i ní ìdúró, yóò bínú sí i di ọ̀sẹ̀ kejì. Ẹni tó bá sì dọ̀bálẹ̀ fún un, kò tún ní bi í bóyá ó mọ iṣẹ́. Ẹ̀yin ọmọ mi, ẹ má rẹ́rìn-ín. Irú wọn pọ̀ láàrin wa, ó ṣeé ṣe kí ọ̀kan wà nínú yín.

Kábíyèsí fẹ́ fi Oyèdìran jẹ oyè Májẹ̀óbàjẹ́. Ọdún mẹ́sàn-án ló ti ń wá oyè yìí. Inú rẹ̀ dùn débi pé ó ra àga ńlá kan tí yóò máa jókòó lé bó bá joyè tán, kò sì jẹ́ kí ẹnikẹ́ni bá òun gbé e. Bó ṣe gbé e dé àárín pálọ̀ ni ẹ̀yìn rẹ̀ gan bí ọ̀kan nínú àwọn pákó tó ń tà. Ìjòyè ku ọjọ́ mẹ́wàá. Wàhálà ibẹ̀ ni pé, ní ìlú náà, ẹni tí yóò joyè gbọ́dọ̀ dọ̀bálẹ̀ gbalaja níwájú ọba lẹ́ẹ̀mẹta, kó sì dìde fúnra rẹ̀. Ẹni tí wọ́n bá gbé dìde, oyè rẹ̀ di àmọ́dún.

Àṣàbí, ìyàwó rẹ̀, ní kó lọ sọ́dọ̀ ẹni tí yóò bá a wọ́ ẹ̀yìn náà. Ilé ìwọ́ra ìgbàlódé, èyí tí àwọn ọ̀dọ́ ń pè ní sípà, méjì ló wà nílùú. Ti Ìyá Dọ̀tun ló kọ́kọ́ yà sí. Nọ́ọ̀sì ni obìnrin yìí kó tó fẹ̀yìn tì. Ilé rẹ̀ mọ́ tónítóní, aṣọ funfun tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ fọ̀ ló sì wà lórí bẹ́ẹ̀dì. Ó kúnlẹ̀ díẹ̀ kí Oyèdìran, ó fọ ọwọ́ rẹ̀, ó sì mú ìwé àti bírò. Ó bi í léèrè ibi tó ti ń dùn ún gan-an, ohun tó gbé, bóyá ó ní ẹ̀jẹ̀ ríru, àti bóyá ó ti ṣubú rí.

Ojú Oyèdìran pọ́n. Ó béèrè bóyá kóòtù ni òun wà, ó sì bínú jáde. Nígbà tó délé, ó sọ fún Àṣàbí pé obìnrin náà kò lẹ́kọ̀ọ́, pé wọn kì í fi ìbéèrè da àgbà láàmú.

"Olówó orí mi," ni Àṣàbí wí, "ẹ̀yìn ló ń dùn yín, kì í ṣe etí. Ẹ lọ síbi tí wọ́n ti mọ ẹ̀yìn wò."

Kò gbọ́. Ó di Ààfin Ìtura, ilé ìwọ́ra kejì. Bó ṣe ti ẹsẹ̀ kan wọlé ni ọkùnrin mẹ́ta nà gbalaja sílẹ̀. Ọ̀kan ń kì í, ọ̀kan ń bọ́ bàtà rẹ̀, ẹ̀kẹta ń fi abẹ̀bẹ̀ fẹ́ ẹ, bẹ́ẹ̀ fáànù ń yí lókè. Wọ́n ti ń pè é ní Olóyè kó tó joyè. Orí Oyèdìran wú. Kò wo bẹ́ẹ̀dì tó ń mì, kò wo aṣọ orí rẹ̀ tí òróró àwọn oníbàárà àná ti rin gbingbin. Ó dojú bolẹ̀ lórí rẹ̀.

Ẹni tó wọ́ ọ lára kò bi í ní ohunkóhun. Ṣùgbọ́n wọ́n ti kọ́ òun náà pé ọmọdé kì í tẹ àgbà mọ́lẹ̀. Ìka méjì péré ló fi ń kan ẹ̀yìn Oyèdìran, bí ẹni ń yẹ iṣu wò bóyá ó ti jinná, yóò sì tún dọ̀bálẹ̀ tọrọ àforíjì kó tó kàn án lẹ́ẹ̀kejì. Wọ́n da òróró gbígbóná sí i lára, wọ́n ń kì í títí oorun fi gbé e lọ. Ọjọ́ mẹ́sàn-án ló fi lọ síbẹ̀. Ẹ̀yìn kò rọ̀, orí nìkan ló ń wú sí i.

Ọjọ́ ìjòyè pé. Oyèdìran dọ̀bálẹ̀ lẹ́ẹ̀kíní, ó payín keke, ó dìde. Ó dọ̀bálẹ̀ lẹ́ẹ̀kejì, òógùn bò ó, ó rọra dìde. Lẹ́ẹ̀kẹta, ẹ̀yìn rẹ̀ dún kọ́. Kábíyèsí ní kó dìde.

"Kábíyèsí, mo ń bọ̀," ni Oyèdìran wí, tó dojú kọ ilẹ̀.

Àwọn èèyàn pàtẹ́wọ́, wọ́n ní àwọn kò rí irú ìbọ̀wọ̀ fọ́ba báyìí rí. Ó pẹ́ díẹ̀, ọba tún ní kó dìde. Ẹ̀rù ba Oyèdìran gidigidi, torí ó ń wo oyè tó fi ọdún mẹ́sàn-án wá bó ṣe ń bọ́ mọ́ ọn lọ́wọ́.

"Kábíyèsí, ẹ jẹ́ kí n tún bọ̀wọ̀ fún yín díẹ̀ sí i."

Nígbà tí ewúrẹ́ ààfin kan gbóòórùn òróró ilé ìwọ́ra, tó wá ń lá a lọ́rùn, tí Oyèdìran kò sì lè lé e, ọba mọ̀ pé ọ̀rọ̀ ti kọjá ìbọ̀wọ̀. Ó ní kí ọkùnrin mẹ́rin gbé e dìde, oyè sì di àmọ́dún.

Ilé Ìyá Dọ̀tun ni Àṣàbí ní kí wọ́n gbé e lọ tààrà. Lọ́tẹ̀ yìí, Oyèdìran dáhùn gbogbo ìbéèrè, kódà ó dáhùn èyí tí wọn kò bi í. Ìyá Dọ̀tun rí ojú ibẹ̀, ó fi ìgúnpá tẹ̀ ẹ́, Oyèdìran sì ké bí ọmọ tuntun. Lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ mẹ́ta, ó ń bẹ̀rẹ̀, ó ń nàró. Oyè ló ń dùn ún báyìí, kò sì sẹ́ni tó lè bá a wọ́ ìyẹn.

Ẹ̀yin ọmọ mi, bí ẹ bá ń wá ẹni tí yóò tọ́jú ara yín, ẹ má wo ẹni tó mọ yín í kí jù. Ẹ wo ẹni tó fọ ọwọ́ rẹ̀, tó sì béèrè ibi tó ń dùn yín kó tó fọwọ́ kàn yín. Ìyìn dùn létí, kò wo ẹ̀yìn sàn. Àwọn baba wa ló sọ pé abéèrè kì í ṣìnà.