Ẹ̀rọ Tí Ràmọ́nù Gbé Sórí Koríko

Ọ̀lẹ ni Ràmọ́nù, mi ò ní bò ó, ọ̀lẹ tó tún mọ irọ́ pa. Síbẹ̀, òun ni ẹgbẹ́ àgbẹ̀ ìlú Idigny gbé ẹ̀rọ tuntun lé lọ́wọ́, nítorí ó ní alùpùpù, ẹnu rẹ̀ sì dùn.

Ẹ̀rọ náà kì í gé àgbàdo kó tó mọ bó ṣe ń dàgbà. Wọ́n á gbé e sókè orí ewé, á wo ìmọ́lẹ̀ oòrùn tí ewé ń dá padà, á sì sọ bóyá ara àgbàdo le tàbí ebi ń pa á. Oko tí ebi bá ń pa ni ẹgbẹ́ máa fún ní ajílẹ̀. Cyriaque tó kọ́ Ràmọ́nù níṣẹ́ ti kìlọ̀ fún un: "Àárín oko ni kó o wọ̀ o. Ẹ̀rọ yìí ò mọ koríko yàtọ̀ sí àgbàdo."

Ràmọ́nù ní ewé àgbàdo ń yún òun lára. Ẹ̀bá ọ̀nà ló máa ń dúró sí lórí alùpùpù, á na ẹ̀rọ sórí koríko tútù, ẹ̀rọ á ní ara àgbàdo le, ó di oko mìíràn. Bó ṣe wọn oko tirẹ̀ náà nìyẹn. Gbogbo ìlú ń pè é ní ọ̀gá.

Opó ni Fàsílátù. Oko kan ṣoṣo ló fi ń bọ́ àwọn ọmọ rẹ̀, ewé àgbàdo ibẹ̀ sì ti ń pọ́n. Nígbà tó gbọ́ pé òun ò ní gba ajílẹ̀, àyà rẹ̀ já.

"Ràmọ́nù, ṣé o tiẹ̀ wọ oko mi?"

"Ìyá, ẹ̀rọ kì í purọ́. Oko yín dára."

Fàsílátù káwọ́ lérí, ó gba ọ̀dọ̀ Cyriaque lọ. Cyriaque bá a wọ àárín oko, ó gbé ẹ̀rọ tirẹ̀ sókè, ó mirí. "Ìyá, ebi ń pa á lóòótọ́. Ẹ fọkàn balẹ̀, kò tíì pẹ́ jù."

Cyriaque tún oko gbogbo wọ̀n. Àfi ti Ràmọ́nù, tó dúró lẹ́nu ọ̀nà oko rẹ̀ pé tòun ló dára jù ní Idigny, nítorí ojú ń tì í láti jẹ́wọ́.

Ajílẹ̀ dé oko Fàsílátù, òjò tẹ̀ lé e, ewé tún dú. Ó jókòó sórí ebè, ó mí kanlẹ̀, ó ń rẹ́rìn-ín tòun tomijé.

Wọ́n gba ẹ̀rọ lọ́wọ́ Ràmọ́nù. Nígbà ìkórè, ṣùkù lásán ló pọ̀ nínú oko rẹ̀. Ó wá ń bá Fàsílátù ru àgbàdo kí ilé rẹ̀ lè rí jẹ, láti àárín oko, tí ewé ń yún un lára.

Ẹ̀kọ́ ibẹ̀ ò farasin. Iṣẹ́ tí wọ́n bá fi lé wa lọ́wọ́, ká ṣe é débi tó yẹ, nítorí kò sí ẹ̀rọ tó lè bá ọ̀lẹ wọ oko. Tá a bá sì ṣìṣe, ká tètè jẹ́wọ́. Irọ́ tí Ràmọ́nù pa fún Fàsílátù rí àtúnṣe. Èyí tó pa fún ara rẹ̀ ni kò rí.