Fùwàd Ní Òun Gbọ́

Kí ẹ tó fi ìtàn yìí ránṣẹ́ sí ẹnikẹ́ni, ẹ kọ́kọ́ fara balẹ̀ kà á dé ìsàlẹ̀. Kò gùn. Ẹ̀yin tí ẹ bímọ sí ìlú onílùú, ẹ̀yin gan-an ni mo ń bá sọ̀rọ̀.

1.

Douala, ìlú ńlá kan tí wọ́n ti ń sọ Faransé, ni wọ́n bí Fùwàd sí. Ìyá rẹ̀, Ojúọlápé, ń ta ìborùn àti lọ́fíńdà ní àdúgbò Akwa níbẹ̀. Èdè Faransé ni Fùwàd fi kàwé, òun náà ló fi ń bá àwọn ọ̀rẹ́ rẹ̀ ṣeré. Yorùbá rẹ̀ kò ju ti ẹnu ọ̀nà ilé lọ.

Nígbà tó wà ní kékeré, ó rí mọ́tò ìṣeré kan tó wù ú lọ́jà. Ó fa aṣọ ìyá rẹ̀, ó ní, "Maman, mo fẹ́ ọkọ."

Ọkọ̀ ló fẹ́ pè. Àwọn oníṣòwò tó wà níbẹ̀ bú sẹ́rìn-ín. Alhaji Bùsàrí, tí ṣọ́ọ̀bù rẹ̀ fara kan tiwọn, ní, "Ọkọ kẹ̀? Ṣé èyí tó ní irùngbọ̀n lo fẹ́, àbí èyí tí kò ní?" Ìyá rẹ̀ náà rẹ́rìn-ín títí omi fi bọ́ lójú rẹ̀. Láti ọjọ́ náà, "Ìyàwó" ni wọ́n ń pe Fùwàd lọ́jà.

Ẹ má bínú sí wọn, àwàdà ni. Ṣùgbọ́n ọmọ náà rò ó lọ́kàn ara rẹ̀ pé ẹni tí kò bá la ẹnu, kò sẹ́ni tó máa fi í ṣe yẹ̀yẹ́. Bí wọ́n bá ti bá a sọ Yorùbá, yálà ó yé e tàbí kò yé e, á mi orí, á ní, "Ẹ̀ẹn, mo gbọ́." Báyìí ló ń ṣe títí tó fi di géńdé.

2.

Fùwàd rí iṣẹ́ sí ilé ìkẹ́rùsí kan ní Bassa, àdúgbò mìíràn nílùú náà. Níbẹ̀ ni òun àti Loïc, ẹlẹgbẹ́ rẹ̀, ti forúkọ sílẹ̀ fún ìdíje tí wọ́n ń pè ní triathlon. Ẹ óò lúwẹ̀ẹ́, ẹ óò gun kẹ̀kẹ́, ẹ óò tún fẹsẹ̀ sáré, gbogbo rẹ̀ lọ́jọ́ kan ṣoṣo, láìsí ìsinmi láàárín.

Fùwàd ní, "Loïc, wo ẹ̀yìn mi dáadáa o. Òun ni wàá máa wò lọ́jọ́ yẹn."

Loïc ní, "Ó dáa. Fọ̀ ọ́ kó mọ́ kí o tó wá."

Nígbà tí ọjọ́ pé, omi Youpwè tí wọ́n ti lúwẹ̀ẹ́ kò ṣe é ní nǹkan kan. Ojú títì Edéa, níbi tí wọ́n ti gun kẹ̀kẹ́, ni ọ̀rọ̀ ti yí padà. Kẹ̀kẹ́ rẹ̀ kó sí kòtò, ìgò omi rẹ̀ méjèèjì já bọ́. Ṣé kò yẹ kó sọ̀ kalẹ̀ kó ṣà wọ́n? Ó wẹ̀yìn, ó rí Loïc tó ń bọ̀, ó bá tirẹ̀ lọ. Ó dé ibi tí wọ́n ti ń pín omi, ó rí i pé èrò pọ̀ níbẹ̀, ó tún kọjá. Oòrùn ń ta bí ẹni pé wọ́n rán an sí i.

3.

Ìyá rẹ̀ dúró sí ibi tí wọ́n ti ń fi kẹ̀kẹ́ sílẹ̀ láti bẹ̀rẹ̀ eré sísá, tí orin ìdíje ń dún kíkankíkan. Ó rí ọmọ rẹ̀ tó ń bọ̀. Ètè Fùwàd ti funfun. Òógùn ti gbẹ lára rẹ̀ nínú oòrùn yẹn. Bàtà ọ̀tún ló ń fi ẹsẹ̀ òsì wá.

Ojúọlápé na ọwọ́ kọjá okùn, ó fi gbogbo ohùn rẹ̀ kígbe pé, "Fùwàd, má sáré! Má sáré!"

Ẹ jẹ́ ká dúró díẹ̀ níbí. "Má" kúrú, dídá ni ó ń dáni dúró. "Máa" gùn díẹ̀; títì ni ó ń tini síwájú. Bí ẹ bá mú ìyá tó ń kígbe, tí orin ń dún létí ọmọ rẹ̀, mélòó ni ìyàtọ̀ wọn?

Ọ̀rọ̀ náà kò dá Fùwàd lójú. Ìyá rẹ̀ kò jìnnà sí i, ì bá yà sọ́dọ̀ rẹ̀ kó bi í. Ṣùgbọ́n Loïc ti ń bọ́ sílẹ̀ lórí kẹ̀kẹ́. Fùwàd gbé àtàǹpàkò sókè. "Ẹ̀ẹn, Maman, mo gbọ́." Ó sì sáré lọ.

Ní Bassa, lẹ́gbẹ̀ẹ́ ògiri ilé iṣẹ́ kan, ó bẹ̀rẹ̀ sí í ta gọ́ọ́gọ̀ọ́, ó sì ṣubú lulẹ̀. Loïc ló bá a níbẹ̀. Kò bá eré rẹ̀ lọ mọ́. Ó da omi ọwọ́ rẹ̀ sí i lórí, ó dá ọlọ́kadà kan dúró, ó gbé ọ̀rẹ́ rẹ̀ sáàárín, ó dì í mú títí wọ́n fi dé ilé ìwòsàn.

4.

Ẹ̀mí rẹ̀ kò bọ́, a dúpẹ́ lọ́wọ́ Ọlọ́run. Ṣùgbọ́n ooru àti òùngbẹ ti ba kíndìnrín rẹ̀ jẹ́. Ẹ̀rọ ló ń bá a fọ ẹ̀jẹ̀.

Ní ọjọ́ tó kọ́kọ́ lè sọ̀rọ̀ dáadáa, ìyá rẹ̀ jókòó tì í. Sakinah, àbúrò Fùwàd, dúró lẹ́sẹ̀ bẹ́ẹ̀dì.

Ojúọlápé ní, "Fùwàd, mo ní má sáré, o ní o gbọ́. Kí ni mo fi ṣẹ̀ ọ́?"

Fùwàd wò ó. "Maman, ṣebí ẹ ní kí n sáré."

"Èmi?"

Sakinah ní, "Mámà, 'máa sáré' ló gbọ́. Ọ̀kan náà ni méjèèjì létí rẹ̀."

Ìyá náà ní, "Èmi ni mo pa ọmọ mi. N kò kọ́ ọ ní Yorùbá. Ẹ̀rín ni mo ń fi í rín."

Fùwàd di ọwọ́ rẹ̀ mú. "Non, Maman. Mo mọ̀ pé kò yé mi. Mo mọ̀ ọ́n níbẹ̀ yẹn. Mo kàn ní mo gbọ́ ni."

Títí di òní, kò sí ọ̀sẹ̀ tí Fùwàd kì í lọ sídìí ẹ̀rọ náà. Ìyá rẹ̀ ló ń bá a gbé báàgì.

Ẹ̀yin òbí, bí ọmọ yín bá ṣi èdè sọ, ẹ tún un sọ fún un. Ẹ má fi àṣìṣe rẹ̀ sọ ọ́ lórúkọ. Ìwọ ọ̀dọ́, bí ọ̀rọ̀ kò bá yé ọ, sọ pé kò yé ọ, kódà bí gbogbo ayé ń sáré kọjá lára rẹ. Ìtìjú ìbéèrè kì í pẹ́ tán. "Mo gbọ́" tí a kò gbọ́ lè má tán láéláé. Àwọn àgbà ní ẹni tó bá bèèrè ọ̀nà kì í ṣìnà.